Bátìrì Ọkọ̀ Onígbòkun Baba Atukọ̀

Sátidé, oṣù Kọkànlá, 1976

Mo ti délé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yàrá yìí ṣì ń mì lábẹ́ mi bí omi ọ̀sà.

Láàárọ̀ ni bàbá Ìlàjẹ kan, atukọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, gbé bátìrì méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Ísọlọ̀, níbi tí mo ti ń ta bátìrì, tí mo sì ń fún un níná. Inú ọkọ̀ onígbòkun ni wọ́n ń dá gbé, bátìrì yìí ni wọ́n sì fi ń tanná. Àṣé omi kànga ni wọ́n ń bù sí i!

"Baba, ẹ ti pa á. Omi bátìrì nìkan ló ń mu."

"Fún mi ní ti lọ́rì. Ìyẹn lágbára."

Ó kù díẹ̀ kí n tà á. Mo ní, "Ti lọ́rì wà fún kí ẹ́ńjìnnì lè jí ni. Tí ẹ bá ń tanná lórí ẹ̀ títí, á tètè kú. Ẹ jẹ́ ká wá èyí tí irin inú ẹ̀ nípọn, ẹ má sì jẹ́ kí iná inú ẹ̀ tán pátá kí ẹ tó gbé e wá gbaná."

Wọ́n ní kí n wá bá àwọn dè é nínú ọkọ̀ nírọ̀lẹ́. Èmi ọmọ Ìkirè tí ò gun ọkọ̀ omi rí! Nígbà tí wọ́n ta ìgbòkun, ọkọ̀ náà ń lọ láìpariwo, bí ẹni tó ń ronú. Oòrùn wọ̀ sínú omi. Mo so wáyà, iná tàn.

Àwòrán obìnrin kan wà lókè ibùsùn.

Baba rẹ́rìn-ín sí i. "Àìná ìyàwó mi, o kú ìrọ̀lẹ́. Ó mà pẹ́ tí mo ti rí ojú ẹ lálẹ́ o."

N kò mọ ìgbà tí mo ṣí fìlà. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà."