Ogún Tí Wọ́n Fẹ́ Pín ní Sùúrùlérè

Ìjerù, Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Òkúdù, 1976.

Adùnọlá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Sùúrùlérè? Oríkèé ọwọ́ tó ń wú ńkọ́? Ọlọ́run yóò fọwọ́ tútù kàn án. Àríkẹ́, màmá rẹ tuntun, ní kí n kí ọ. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré tí a ṣègbéyàwó, inú mi sì ń dùn débi pé mò ń rẹ́rìn-ín bí mo bá ń fá irùngbọ̀n, mo ti gé ara mi lẹ́ẹ̀mejì. Látìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, n kò mọ̀ pé ayọ̀ ṣì mọ ọ̀nà ilé wa.

Àfi bí lẹ́tà rẹ ṣe dé. O kọ ọ́ láìfi àmì sí i, o tún fo “o” kan, pé “awa ogoji ni won fe pin ogun fun ni osibitu.” Èmi tí mo ka gírámà ọdún méjì, ogún ni mo kà. Mo ní ta ló kú? Ogún kì í wáyé láìsí òkú. Mo ki bàtà òsì bọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo ń sáré lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi Oyèníran pé wọ́n ti sin ẹnì kan ní Èkó láìpè wá. Àríkẹ́ ló gba ìwé náà, ó ní kí n jókòó, oògùn ni.

Mo jókòó, àyà mi kò jókòó. O ní àwọn kan yóò gba oògùn tuntun fún lúpọ́ọ̀sì, àìsàn tó ń ṣe ọ́ yìí, àwọn yòókù yóò gba èyí tó jọ ọ́ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, dókítà pàápàá kò sì ní mọ èyí tó fún ọ. Ọmọ mi, dókítà wo nìyẹn? Yẹ̀kínnì tó ń ta oògùn níwájú ilé wa mọ gbogbo ohun tó wà nínú igò rẹ̀. Mo ti ṣa iṣu mẹ́fà sọ́tọ̀ fún dókítà náà kó lè bá wa yọjú wo èyí tó fún ọ.

Àríkẹ́, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní díspẹ́ńsárì, ní kí n gbé iṣu mi padà. Ó ní àìsàn yìí a máa lọ fúnra rẹ̀, a sì máa padà, wọn kì í mọ̀ bóyá oògùn ló lé e tàbí òun ló rìnrìn àjò. Bí dókítà bá mọ̀, ohun tó ń fẹ́ ni ojú rẹ̀ á máa rí. Ìyẹn yé mi díẹ̀. Èyí tí o kọ pé ẹ̀ṣọ́ inú ara ló ń bá onílé jà, tí oògùn bá sì lù wọ́n jù, àìsàn mìíràn á wọlé, ìyẹn ló yé mi jù. Ajá wa ń bu ará ilé jẹ, mo so ó, olè kó adìyẹ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

O bi mí bóyá kí o fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù wọn kí oṣù yìí tó parí. Kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó mọ èyí tí wọ́n fún ọ, tí yóò sọ ọ́ bí àìsàn bá le. Bí ẹni náà bá wà, fọwọ́ sí i.

Owó tí mo máa ń béèrè, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Fi ra agboòrùn, o ní oòrùn náà jẹ́ ọ̀tá. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: bí o bá tún kọ̀wé, fi àmì sórí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ ní í jogún baba. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n pè mí síbi tí wọ́n ti ń pín tìrẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abọ́dúndé.