Àwọn Ife Tí A Kò Pààrọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Olúwaníyì,

Ẹ kú òtútù ibẹ̀. Màmá ní kí n kí yín. Orúnkún tó ń dùn wọ́n ti sàn díẹ̀.

Nígbà tí mo tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yín, mo ní ká pààrọ̀ àwọn ife irin tí ínjẹ́tọ̀, tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, ń jókòó sí, tí kì í jẹ́ kí omi jò. Ẹ ní wọ́n ṣì dáa. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, mi ò jiyàn, mo dì í padà. Lọ́jọ́ Ẹtì, lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́, ife kan là, omi ẹ́ńjìnnì jò, ọkọ̀ gbóná. Àkànjí dẹ́rẹ́bà yín ṣí rédíétọ̀ tí omi ẹ́ńjìnnì wà, omi gbígbóná bò ó lójú. Kò ríran mọ́.

Lánàá, ó bi mí bóyá a pààrọ̀ àwọn ife náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fúnra yín pè é. Mi ò lè pa irọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Àbúrò yín,
Ìtẹ́olúwa