Orin Tó Kù fún Ọkọ Mi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ohùn yín ò ní há o. Ọmọọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́.

Orin tí ẹ máa ń gbé sí i lórí rédíò, tí ẹ ní ó gbayì jù yẹn, òun ni gbogbo àdúgbò wa fi gbéyàwó. Télọ̀ lọkọ mi, ó ti gbàgbé gbogbo nǹkan, títí kan èmi. Àmọ́ tí ẹ bá gbé e sí i, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa tẹlẹ̀ bí ẹni tó wà nídìí maṣíìnì. Á ní, "Màmá, ẹ bá mi pe ìyàwó mi." Kò mọ̀ pé èmi eléyín mẹ́ta yìí náà ni. Mo máa ń ní, "Ó ń múra lọ́wọ́." Tí orin bá tán, á máa sunkún pé kò dé.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí wọ́n má gbé e sí i mọ́ ni, àbí kí n ṣì máa múra?