Aago tó ń kú mọ́ mi lọ́wọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Gbádé. Mo kí tọmọdé tàgbà ilé wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Láti ìgbà tí a ti sin ìyàwó mi ni ẹ ti ń ránṣẹ́ sí mi ní Kàdúná, tí n kò fèsì. Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu mi.

Aago ọwọ́ tí Gbádé ọmọ yín gbé wá fún mi ló mú mi sọ̀rọ̀. Ó ní aago Súwísì ni, tuntun ni, owó rẹ̀ kò sì ga púpọ̀. Mo wò ó. Ojú rẹ̀ funfun bíi wàrà, okùn rẹ̀ awọ, òun àti èyí tí olóògbé ọkọ yín máa ń dè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì jọ bí ìbejì. Mo dè é. Nígbà tó yá, ó kú. Mo mì í, ó jí. Mo jókòó, ó tún kú. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi fi aago òkú ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú. Ẹni tó ń bá mi kọ̀wé ní kí n yọ ìyẹn kúrò. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti pinnu pé màá dá a padà, kí èmi àti ẹ̀yin má rí ara wa mọ́.

Mo kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ málàm tó ń tún aago ṣe ní gáréèjì Television. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní tuntun ni lóòótọ́, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó jọ ti àtijọ́ ni. Mo bi í pé ta ló ń fi owó tuntun ra ogbó. Ó ní aago náà kò ní bátìrì, mímì apá ẹni tó dè é ló ń gbé e rìn. Ó wá wò mí.

"Baba, agogo bai mutu ba. Kai ne ba ka motsi."

Ó ní aago kò kú, èmi ni n kì í mira.

Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀, ìyàwó mi ló ń lé mi dìde. Ní báyìí, ọyẹ́ dé sí Barakallahu, àdúgbò wa níbí, n kò mọ̀. Orí àga ni mo wà.

Ọ̀rọ̀ náà ṣì rú mi lójú. Ṣé ẹ mọ̀ pé yóò máa kú bí mo bá jókòó, tí ẹ fi ní kí Gbádé gbé e wá? Àbí ẹ̀bùn lásán ni? Ẹ fún mi lésì. N kò ní dá a padà mọ́. Láràárọ̀ ni mò ń rìn dé ojú títì, kì í ṣe torí pé mo fẹ́ mọ aago tó lù. N kò kàn fẹ́ kí nǹkan mìíràn tún kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, kí ẹ sì sọ fún Gbádé pé mo dúpẹ́.

Èmi ni àbúrò tí ẹ pọ̀n dàgbà, ọmọ yín.