Koríko Tí Baba Gé Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi Abọ́dúndé,

Gbogbo wa ní abúlé Àgùdà ń kí yín àti ìyàwó yín ní Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti ń fúyẹ́ díẹ̀.

Baba rí àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́, ti ẹ̀rọ méjèèjì tó ń ká koríko gbígbẹ jọ ní roboto fún àwọn màlúù wọn. Wọ́n ní èyí tó ń ká a le láti inú wá bí ẹní ni kí ẹ rà. Ti èkejì rọ̀ nínú, òjò á bà á jẹ́. Wọ́n tiẹ̀ ti ń gé koríko dè yín.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má rà á mọ́. Baba sùn, wọn ò jí. Àwọn màlúù tó yẹ kó jẹ koríko náà la pa níbi ìsìnkú wọn.

Ọlọ́run á pa yín mọ́ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ̀wé sí Màmá. Koríko Baba ṣì wà lóko, òjò ń pa á.

Àbúrò yín,
Àrínọlá