Orúkọ Tí Ẹ Yọ Nínú Àdúà

Bàbá mi,

Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń kí yín láti Manchester. Ẹ kú iṣẹ́ ilé kéwú. Ara mi le, inú mi sì ń dùn.

Bilikis àbúrò mi ló sọ fún mi pé ẹ kì í dárúkọ mi mọ́ tí ẹ bá ń ṣàdúà fáwọn ọmọ ní àsàlátù àárọ̀ Sọ́ńdè. Ó ní wọ́n sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ àwọn Júù ni mo ń kọ̀wé lé lórí. Òótọ́ ni. Mo ń kọ nípa bí wọ́n ṣe ronú lórí ìjọba nígbà tó jẹ́ pé ìlú onílùú ni wọ́n ń gbé. Ó yé mi dáadáa báyìí.

Àwọn tó ń gbani síṣẹ́ ní yunifásítì kan níbí náà ronú bíi tiyín. Wọ́n wo ìbòrí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bi mí bóyá Mùsùlùmí lè kọ òdodo nípa Júù. Wọn ò pè mí padà. Kò séwu, mo ti ríṣẹ́ sí ọsibítù ní Oxford Road. Mo mọ gbogbo wọ́ọ̀dù ibẹ̀, ilẹ̀ wọn sì máa ń dán lọ́wọ́ mi.

Ìwé mi ti parí. Níbi tí mo ti dúpẹ́, orúkọ yín ló ṣáájú. Ẹ má bínú, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, kò ṣeé yọ mọ́.

Ẹ bá mi kí Ìyá. Ẹ kí àwọn ará àsàlátù náà. Ẹ má wulẹ̀ sọ ẹni tó ní kí ẹ kí wọn.

Èmi ọmọ yín,
Mubarakah