Omi Gbóná Ìyá Mi àti Yìnyín Ilé Ìwòsàn

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo kí bàbá mi lórí ìkúnlẹ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi tíṣà ní Ìkàrẹ́, ẹni tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Kí ó rọra kà á, kí ó má fo ibì kankan. Inú ìwé ìròyìn ni mo fi í sí, nítorí mo gbọ́ pé ẹnì kan kọ̀wé láti London sí Ọ̀kà pé wọ́n ti lé mi kúrò níbi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní ìtìjú kò jẹ́ kí ẹ lè yọjú síta. Ẹ yọjú o, ìyá mi. Wọn ò lé mi.

Àmọ́ kí n má purọ́, ó kù díẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ru ẹrù ní èbúté ni ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́, wọ́n sì gbé e wá sí wọ́ọ̀dù wa lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà ní kí n fi aṣọ di yìnyín, kí n gbé e lé ọrùn ẹsẹ̀ náà. Ó yà mí lẹ́nu. Òtútù ìlú yìí kò tó wọn, wọ́n tún fẹ́ fi yìnyín kún un. Mo rántí bí ẹ ti ń fi omi gbóná tọ́jú ẹsẹ̀ tó rọ́ fún àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá yín láti Èpìnmì. Bí nọ́ọ̀sì àgbà ti yí ẹ̀yìn, mo da yìnyín nù, mo fi omi gbóná tẹ̀ ẹ́, mo sì wọ́ ọ dáadáa. Ọkùnrin náà ń ké, mo ní kí ó mọ́kàn le. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹsẹ̀ ti wú bí iṣu.

Olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní bí mo bá fi lè kùnà nínú ìdánwò tó ń bọ̀, ọkọ̀ ojú omi ni yóò gbé mi padà sílé. Mo sunkún, mi ò sì rí ẹni tí yóò sọ pé kí n dákẹ́. Abéèrè kì í ṣìnà ni wọ́n ń wí. Èmi ò béèrè.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà. Ó ní bí ẹsẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́, ẹ̀jẹ̀ àti omi ń ya lọ síbẹ̀. Ooru á la ọ̀nà fún wọn, òtútù á dín ọ̀nà náà kù, á sì mú ìrora rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Àwọn ará Èpìnmì máa ń dúró de ọjọ́ ọjà kí wọ́n tó gbé aláìsàn wá bá yín. Mi ò rí ẹsẹ̀ tó rọ́ lọ́jọ́ náà gan-an rí nílé wa. Ìyá mi, omi gbóná yín kò ní ẹ̀bi kankan. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún tí wíwú ẹsẹ̀ náà ti rọlẹ̀ tó sì le, nọ́ọ̀sì àgbà fúnra rẹ̀ ní kí n lọ gbé omi gbóná wá, ọkùnrin náà sì rìn.

Mo tún dán yìnyín wò lára mi. Mo ki apá bọ inú rẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ooru ara sábẹ́ ahọ́n, ooru ara mi kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n apá náà tutù bí òkúta, mi ò sì lè de bọ́tìnì aṣọ mi. Mo wá mọ̀ pé òtútù ń gba agbára lọ́wọ́ iṣan.

Ohun tí mo fi yege nìyẹn. Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n mú eléré ìje kan wá tí yìnyín wà ní itan rẹ̀. Ó ní òun kò mọ ìrora mọ́, òun fẹ́ padà sórí pápá. Mo kọ̀ jálẹ̀. Olùdánwò bi mí léèrè ìdí rẹ̀, mo ní iṣan tó tutù kò tíì gbọ́ràn, bí ó bá sáré báyìí, yóò fà á ya. Kí ó kọ́kọ́ rìn títí ara rẹ̀ yóò fi móoru. Olùdánwò rẹ́rìn-ín, ó sì kọ̀wé. Èmi ni mo ṣe ipò kìíní. Inú mi dùn débi pé mo jó nínú yàrá mi ní èmi nìkan.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àtọmọdé àtàgbà. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ọwọ́ yín kò ní rọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè ibi tí wọ́n lé mi dé, ẹ ní wọ́n lé mi dé kíláàsì kejì.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ́,
Fọláṣadé